Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò: Ọ̀rọ̀ Tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Sọ Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́ Lórí Kíkọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Kọ̀ǹpútà

   

Akọ̀wé ní kí a má sọ̀rọ̀ pẹ́ nítorí oúnjẹ ti jinná. A ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ẹnu kan sọ ká sì jókòó, nítorí owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

OHUN TÍ A FI OWÓ YÍN ṢE

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbàlagbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn.

Ní àjọ̀dún tó kọjá, ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ₦450,000 fún ìgbìmọ̀ wa pé kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ wa tó wà ní praìmárì àti àwọn tó wà ní JSS. Inú wa dùn, a sáré. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mẹ́ta. A ò tíì ní olùkọ́, a ò tíì ní tábìlì, a ò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ nípa iná. A tan jẹnẹ́rétọ̀ kékeré, a so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn láìsí stabilizer. Ní ọjọ́ kẹta, iná gòkè lójijì, a rí èéfín, kọ̀ǹpútà méjì ti jóná. Nígbà tí a padà lọ bá ẹni tó tà á fún wa, ó ní ọjà tòkunbọ̀ kò ní gàráńtì. Òtítọ́ ló sọ. Àwa ló yẹ kí a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, a ò lè fi èyí pamọ́ fún yín. Owó náà kì í ṣe owó ìjọba, owó àjẹṣẹ́kù yín ni, èyí tí ẹlòmíràn yọ nínú owó ata, tí ẹlòmíràn yọ nínú owó àdìrẹ. Ẹ forí jì wá. A ra ẹṣin kí a tó wá ẹni tí yóò gùn ún.

Ṣùgbọ́n ohun kan jáde nínú àṣìṣe yẹn tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kọ̀ǹpútà kan ló ṣẹ́kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yá wa ní láptọ́ọ̀pù rẹ̀, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì náà yá wa ní tirẹ̀. Ó di mẹ́ta. Nígbà ọlidé, ọmọ mẹ́rìnlélógún ló wá. Ọmọ mẹ́jọ sí kọ̀ǹpútà kan! Ẹ fojú inú wo ariwo tó wà níbẹ̀. Nígbà náà ni tíṣà wa ní kí a kó páálí Indomie àti páálí mílíìkì wá láti ọjà. A gé e, ọmọ kọ̀ọ̀kan fi bírò ya kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ sí i bí ó ti wà gẹ́lẹ́, Q, W, E, R, títí dé ìsàlẹ̀. Orí páálí ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀wé, tí wọ́n bá wá dé orí kọ̀ǹpútà gidi, ìka wọn ti mọ ọ̀nà. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé lórí kíbọ́ọ̀dù gidi, ìlà kékeré kan yọ sókè lára F àti J? Ó wà níbẹ̀ kí ìka ìlábẹ̀ méjèèjì lè mọ ilé wọn láìwo ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló fi èyí han ọ̀kan nínú wa.

Lẹ́yìn ìgbà náà la wá rántí pé ẹnì kan ti ṣe irú rẹ̀ rí nítòsí wa. Ní ọdún 2018, olùkọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Gánà, Richard Appiah Akoto, ń kọ́ àwọn ọmọ JHS ní kọ̀ǹpútà ní ìlú Sekyedomase, ní agbègbè Ashanti. Ilé-ìwé náà kò ní kọ̀ǹpútà kankan tí ọmọ lè lò. Bẹ́ẹ̀, láti 2011 ni ìdánwò kọ̀ǹpútà ti wà lára èyí tí àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ọkùnrin yìí mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya gbogbo ojú Microsoft Word sára pátákó, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní àyè rẹ̀. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, ayé rí i. Microsoft pè é lọ sí Singapore lọ́dún náà, àwọn èèyàn sì fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: olùkọ́ ló kọ́kọ́ wà, kọ̀ǹpútà ló wá bá a. Àwa ṣe é ní òdìkejì.

KÍ LÓ DÉ TÍ A Ò FI LÈ DÚRÓ

Ìyá kan nínú wa bi wá pé, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, àwa tí a ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣé a ò jẹun ni?” A jẹun, màmá. Ibi tí ayé bá bá ẹni là ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ayé tó bá wa kọ́ ló bá àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ JAMB. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe é, láti 2015 kò sí ti bébà mọ́. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá ogójì péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọ̀kan nínú wa lọ ṣe é. Ó mọ̀wé, ó lọ sí lẹ́sìn, ìyá rẹ̀ ná owó. Ọjọ́ ìdánwò gan-an ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì láyé rẹ̀. Ọwọ́ ń gbọ̀n, àmì tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà ń sá fún un bí adìyẹ. Nígbà tó fi máa mọ bí wọ́n ṣe ń lọ sí ìbéèrè kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé ìkọkànlá. Ó padà wálé, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń sunkún.

Ohun tó dùn wá jù ni pé JAMB ti ṣe é kí ọmọ lè lo bọ́tìnnì mẹ́jọ péré, láìfọwọ́ kan máòsì rárá. A, B, C àti D fún ìdáhùn. N láti lọ síwájú. P láti padà sẹ́yìn. S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. R láti yí ìpinnu náà padà. Mẹ́jọ péré! Ọmọ praìmárì 5 lè kọ́ ọ ní ọ̀sán kan. Ọmọ wa kò mọ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un. Ní 2024, WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún àwọn tó ń dá ìdánwò ṣe fúnra wọn. Ọ̀nà náà kò ní padà sẹ́yìn mọ́.

Àwọn kan á ní, ṣebí wọ́n ń kọ́ wọn nílé-ìwé? Ó wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ lóòótọ́. Láti 1988 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ìlànà lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ó wà nínú ìwé, kò sí lórí tábìlì. Ọmọ á ka ìtumọ̀ kọ̀ǹpútà lórí bí ẹni ń kọrin, kò sì fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí gbìyànjú ní 2013, nígbà tí Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, táblẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé kíkà, ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò sí. Ọ̀pọ̀ nínú yín rí i lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ SSS ló wà fún. Àwọn kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

ÌLÚ WA TI ṢE IRÚ RẸ̀ RÍ

Ìbéèrè kejì tí ẹ máa ń bi wá ni pé, “Ọmọ tí kò tíì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, báwo ló ṣe máa gbọ́ kọ̀ǹpútà?” Ìdáhùn ìbéèrè yìí kò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ wa níbí ló wà.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n mú àwọn ọmọ praìmárì, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn èèyàn bẹ̀rù pé àwọn ọmọ náà yóò gọ̀. Wọn ò gọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò rẹ̀yìn nínú gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà, ó sì kú ní 2010, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe nílùú wa yìí, gbogbo ayé ló ń kà á.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní praìmárì. Ní 2025, wọ́n ní àwọn ti wọ́gi lé e. Ìyẹn ọ̀rọ̀ Àbújá. Kíláàsì ti ẹgbẹ́ wa, èdè tí ọmọ bá gbọ́ la ó fi kọ́ ọ. A ti dán an wò. Nígbà tí a sọ fún wọn pé fódà dà bí ṣọ́ọ̀bù, pé fáìlì ni ọjà inú rẹ̀, pé bí o kò bá kọ orúkọ sára àpò, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ìrẹsì àti èyí tó jẹ́ gàrí, wọn ò tún bi wá léèrè mọ́. Nígbà tí a ní séèfù ni kí o ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ kí NEPA tó múná lọ, ẹ̀rín pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbàgbé láti séèfù. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí kọ̀ǹpútà lè gbọ́ èdè wa kó sì lè kọ ọ́ pẹ̀lú àmì lórí àti àmì nísàlẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà rẹ̀ ní Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà kò ṣe ohun ìtìjú.

OHUN TÍ WỌ́N Ń KỌ́

Àwọn praìmárì 1 sí 3, páálí àti eré ni tiwọn: mímọ àwọn lẹ́tà, mímọ ohun tí a fi ń pe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, àti yíyà àwòrán lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọwọ́ wọn lè mọ máòsì. Àwọn praìmárì 4 sí 6 ń tẹ̀wé, wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n sì ń fi bọ́tìnnì mẹ́jọ JAMB ṣeré ìbéèrè. Àwọn JSS ń lo Scratch, ohun ọ̀fẹ́ kan tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, tí ọmọ fi ń to àṣẹ léra bí ẹni ń to páálí, tí àwòrán á sì máa ṣe ohun tó ní kó ṣe. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì bí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu ni ti ìṣirò ọjà. A ní kí ọmọ JSS kọ̀ọ̀kan kọ ọjà tí ìyá rẹ̀ tà ní ọ̀sẹ̀ kan, kó tò ó sínú tábìlì lórí kọ̀ǹpútà: iye tó rà á, iye tó tà á, owó tó ná. Ọmọbìnrin JSS 2 kan kọ ti tòmátò ìyá rẹ̀. Ìyá ní ₦12,000 lòun jẹ lérè lọ́sẹ̀ náà. Ọmọ bi í pé, “Mọ́mì, owó ọkọ̀ ńkọ́?” Ó jẹ́ ₦5,000. “Owó alábàárù ńkọ́?” ₦2,500. Kọ̀ǹpútà yọ ọ́ kúrò, ó ku ₦4,500. Ìyá náà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wà láàárín wa níhìn-ín, òun ló ní kí a sọ ọ́, kí a má ṣe dárúkọ òun. Láti ìgbà náà, òun àti ìyá méjì mìíràn ló jọ ń pawọ́ pọ̀ gbé ọkọ̀ kan. Ọmọ ọdún méjìlá ló fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Ẹ̀RÙ TÓ Ń BÀ YÍN

A mọ ohun tí ẹ ń rò. Yahoo. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwa náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí EFCC wá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ yunifásítì lóru nílùú yìí, ìyá mélòó ni kò rí oorun sùn? Wọ́n tú àwọn kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìwádìí, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì náà kò tíì kúrò lára wa.

Ẹ̀yin ìyá, kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń kọ́ ọmọ lólè. Ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò, kò rí kọ̀ǹpútà rí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bó bá sì jẹ́ pé àdúgbò ni ọmọ ti kọ́ kọ̀ǹpútà, ohun tí àdúgbò mọ̀ ni yóò kọ́ ọ. Ní kíláàsì wa, ojú gbogbo kọ̀ǹpútà ló kọjú sí olùkọ́. Ọmọ kì í mú fóònù wọlé. A kì í sì ṣí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí àgbàlagbà nítòsí. A ń sọ fún wọn kedere bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń ṣe é, kí wọ́n lè dáàbò bo ẹ̀yin gan-an. Àwọn ọmọ yín ti mọ̀ pé àláàtì tó wọlé sórí fóònù kì í ṣe owó. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì kí ẹ tó gbé ọjà fún oníbàárà. Wọ́n ti mọ̀ pé báńkì kankan kì í pe èèyàn béèrè PIN. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rán yín létí.

OHUN TÍ A FẸ́ LỌ́WỌ́ ẸGBẸ́

Nísinsìnyí, a ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun mẹ́ta la fẹ́ kí ẹ rò kí ìpàdé gbogbogbòò tó dìbò lé e.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ yọ náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan lára èrè ọdún yìí fún kíláàsì náà. A mọ̀ pé ọjà ò rọrùn, a mọ̀ pé èrè yẹn ni ẹlòmíràn fẹ́ fi san owó ilé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ dìbò, kì í ṣe kí ẹ pàtẹ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, owó olùkọ́ méjì ló ṣáájú, lẹ́yìn náà sólà kékeré àti stabilizer. Kọ̀ǹpútà ló kẹ́yìn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni yóò sì bá wa rà á.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ yan ìyá méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ wa, kí wọ́n máa yẹ ìwé owó wa wò lóṣooṣù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ìdin, á sá. Kí ẹ bá wa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ló le jù, kò sì gba kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kíláàsì wa, ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ló wà nínú àwọn mẹ́rìnlélógún yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ku mẹ́rin. Àwọn ọkùnrin ṣì pé. Níbo ni àwọn ọmọbìnrin lọ? Ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń kiri, wọ́n ń jókòó ti ìsọ̀, wọ́n ń tọ́jú àbúrò. A ò bá yín jà, nítorí ọwọ́ àwa náà ni wọ́n wà. Méjì nínú àwọn márùn-ún tó fi kíláàsì sílẹ̀ yẹn, ọmọ àwa ìgbìmọ̀ fúnra wa ni. Ojú tì wá láti sọ ọ́. Nítorí náà, a ti gbé kíláàsì kúrò ní Sátidé, ọjọ́ ọjà, a ti gbé e sí ọ̀sán Sọ́ńdè, aago mẹ́ta sí márùn-ún. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan tó bá fi ọmọkùnrin ránṣẹ́ fi ọmọbìnrin ilé rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ rántí pé ọmọbìnrin ló rí owó ọkọ̀ àti owó alábàárù tí ìyá rẹ̀ kò kà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn, páálí yín ṣì wà nílé ìpàdé, ẹni kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ sára tirẹ̀. Ẹ wá mú un ní Sọ́ńdè.

Ẹ̀yin ìyá wa, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ yìí ti yá wa lówó ra ọjà, ó ti bá wa sìnkú, ó ti bá wa sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kó bá wa kọ́ ọmọ. Ẹ ó jèrè ọmọ o. Ọjà á tà, ọwọ́ á ròkè, ẹ̀mí á gùn.  Oúnjẹ ti dé, ẹ jẹ́ ká jẹun.